Èérún Búrẹ́dì Inú Ìwé Makhluf

Bí ẹ bá ń gbé ní Tìbéríà, ní àdúgbò wa lókè, níbi tí èèyàn ti lè máa fọ abọ́ kó sì máa wo adágún láti ojú fèrèsé, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ orúkọ Makhluf Assulin. Èmi ò bẹ̀bẹ̀ láti gbọ́ ọ o. Ọdún kọkànlá rèé tí orúkọ yẹn ti ń bá mi jẹun. Zohra ìyàwó mi ló máa ń gbé e wá sídìí àwo mi. "Bàbá Perla, ṣé o ti gbọ́? Makhluf tún ti parí ìwé mìíràn." Ẹja tó dùn lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀ á kàn di igi.

Wọ́n máa ń sọ níbí pé ìlara àwọn tó ń kàwé ló ń mú kí ọgbọ́n pọ̀ sí i. Ẹ bá mi bi wọ́n pé ti èmi ńkọ́, nítorí ìlara tèmi kò mú ọgbọ́n kankan wá. Ọ̀ràn ló mú wá, ojú gbogbo sínágọ́gù ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Makhluf jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí ọkọ̀ òkun gbé e dé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ láti orí òkè Mòrókò. Ọmọ kẹfà ni nínú ilé wọn. Kíláàsì márùn-ún ló kà, ó bá wọ ọkọ̀ ẹja lọ. Láti ìgbà náà, epìyà ló ń pa, ìpẹ́ ló ń ha, àwọ̀n ló ń tún ṣe, títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Ní gbogbo àsìkò yẹn, bí rábì bá ti ń kọ́ wa ní Tálímúdì, ọ̀pọ̀ ìwé àríyànjiyàn òfin àwọn baba ńlá wa, ẹ̀yìn pátápátá ni Makhluf máa ń jókòó sí. Á máa mi orí bí ẹni tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Èdè Árámáíkì ni ìwé yẹn, ta ló sì ń fi Árámáíkì ta ẹja?

Lọ́jọ́ kan, ó rí ìwé kan lórí ògiri kúkúrú lẹ́bàá ọ̀nà, níbi táwọn èèyàn máa ń kó ìwé tí wọn ò fẹ́ mọ́ sí. Tálímúdì ni, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Hébérù tí à ń sọ nílé ni, àwọn rábì ìgbà wa sì ti kọ àlàyé sísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Makhluf gbé e wọnú ọkọ̀, ó fi àwọ̀n kan tí ó ti bàjẹ́ dì í. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé bàbá òun máa ń fi orin ka irú ojú ìwé yẹn, omijé á sì máa bọ́ lójú rẹ̀. Òun kàn fẹ́ mọ ohun tó ń pa bàbá òun lẹ́kún ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ opó kan ní Sáfẹ́dì, ó fi agbọ̀n epìyà kan dúpẹ́. Ó gbé òmíràn wá láti Háífà nínú páálí ẹja, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwé náà fi ń rùn. Kò sí méjì tó bára mu nínú wọn. Ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan wà tó jẹ́ pé okùn àwọ̀n ló fi rán ẹ̀yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí wọn lórí pákó, ẹ ó rò pé èrò ọkọ̀ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í wá ìkejì láìka ìkíní tán. Lọ́dún mọ́kànlá, ó ti ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti ka gbogbo wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Èmi ńkọ́? Èmi Hanania Buzaglo, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ra gbogbo tèmi. Ìwé mọ́kànlélógójì! Awọ pupa, lẹ́tà wúrà, wúrà létí ewé gbogbo. Ọkùnrin méjì ló rù ú gòkè. Mo ṣe kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì fún un, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo kà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti jókòó tì í báyìí, oorun á dé bí ẹni tí mo ránṣẹ́ sí.

Ká ní kò sí ọ̀rọ̀ èérún ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ẹni tó ń kàwé níbí, ó ń jẹun tì í ni. Búrẹ́dì lápá ọ̀tún, ìwé lápá òsì, èérún á sì máa bọ́ sínú ewé. Bẹ́ẹ̀ ní Àjọ Ìrékọjá, èérún ohun tó ní ìwúkàrà kò gbọdọ̀ kù nínú ilé, kì báà ṣe bí orí abẹ́rẹ́. Nítorí náà, tí àjọ̀dún bá ku ọjọ́ díẹ̀, gbogbo wa tí a jọ ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí á kó ìwé wa wá sí àgbàlá, a ó ṣí wọn, a ó gbọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, tí Makhluf bá gbọn ìwé kan báyìí, èérún búrẹ́dì, èèpo kóró, àní ìpẹ́ ẹja, gbogbo rẹ̀ ló ń rọ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹyẹlé ń bá ara wọn jà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kan èmi. Mo gbọ̀n, mo gbọ̀n, mo gbọ̀n. Kò sí nǹkan kan.

Ìyá Sultana tó ń gbé lókè wa ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, eyín kò sí lẹ́nu, ẹnu sì mú bí abẹ. "Háà, Hanania! Ìwé tìrẹ mà mọ́ o! Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí, bí ọmọge ilé olọ́rọ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Zohra náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti Zohra yẹn ló gún mi lọ́kàn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń gbọ́ ọ létí mi. Mi ò jowú wúrà Makhluf, kò ní wúrà. Mi ò jowú ilé rẹ̀, ilé ń rùn fún ẹja. Èérún ni mo ń jowú. Èmi, àgbàlagbà, mo ń jowú èérún búrẹ́dì!

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, gbogbo ọkùnrin tó bá jẹ́ àkọ́bí gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀. Àfi tí ẹnìkan bá parí odindi ìwé Tálímúdì kan níwájú wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú dídùn ìparí ìwé á bo àwẹ̀ mọ́lẹ̀, àkọ́bí á jẹ, wọ́n á mu. Mẹ́tàlélógún ni àwa àkọ́bí ní sínágọ́gù wa. Ọdún mẹ́sàn-án léraléra, ta ló ń parí ìwé fún wa? Makhluf. Makhluf tí kì í ṣe àkọ́bí pàápàá! Ọmọ kẹfà! Kí ló kàn án nínú àwẹ̀ wa? Síbẹ̀, lọ́dọọdún, èmi àkọ́bí Buzaglo á na ọwọ́ gba àkàrà òyìnbó lọ́wọ́ rẹ̀, màá ní, "O ṣé o, Makhluf."

Lọ́dún yìí, ní ọjọ́ ìsinmi kan tí àjọ̀dún ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, Rábì Amram dìde lẹ́yìn àdúrà. Ọ̀dọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sáà fo nǹkan. Ó ní, "Makhluf, kí lẹ fẹ́ parí fún wa lọ́dún yìí?"

Kí Makhluf tó la ẹnu, mo ti dìde. Ẹ má bi mí pé ta ló tì mí. "Èmi ni màá parí ìwé lọ́dún yìí," ni mo wí.

Rábì ní, "Bàbá Hanania? Ìwé wo ni?"

Orí mi yí. Mo rántí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. "Ẹyin," mo ní. Ìwé kan wà nínú Tálímúdì tó ń jẹ́ Ẹyin lóòótọ́. Ẹyin tí adìyẹ yé lọ́jọ́ àjọ̀dún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bóyá èèyàn lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí kò lè jẹ ẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo Makhluf. Inú rẹ̀ dùn! Ó fò wá bá mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹyin kẹ̀! Mo ti kà á nígbà kan nínú ọkọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, nínú àríyànjiyàn àkọ́kọ́ yẹn, apá ibo lẹ rò pé ó jàre?"

"Adìyẹ," ni mo dá a lóhùn.

Gbogbo sínágọ́gù bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni mo ń ṣe. Rábì Amram nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi ti balẹ̀. Mo délé, Zohra ti gbọ́ kí n tó wọlé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Hanania, ìwọ? Ìgbà wo lo ń kà á?"

"Nígbà tí o bá lọ sọ́jà."

"O sì ń jẹ́ kí n máa kì Makhluf fún ẹ!" Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ojú rẹ̀ ń dán. Láti bí ọdún mẹ́wàá, obìnrin yìí kò wò mí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun tuntun fún mi. Ó pe Perla ọmọ wa lórí fóònù, ó ní kí tọkọtaya wọn wá, pé bàbá rẹ̀ ló ń tú àkọ́bí sílẹ̀ lọ́dún yìí. Ẹ gbà mí! Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò kà á?

Ẹ ó ní, ogójì ewé péré, kí ló dé tí o ò kúkú jókòó kà á? Mo jókòó. Mo jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sùn lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, mo sọ fún ara mi pé kí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó kàwé? Èérún ni.

Ọjọ́rú, tí ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí a ó gbọn ìwé, Zohra wà nílé Ìyá Sultana. Ó ti fọ yàrá ìwé tán láti àná, ó ní ẹni tó bá mú búrẹ́dì wọ ibẹ̀, òun á fi ìgbálẹ̀ lé e dé etí adágún. Mo yọ́ mú búrẹ́dì oníyànmọ̀tí tó kù nílé ìdáná. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yọ ìwé mẹ́wàá, mo tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣí láàárín gbọ̀ngbọ̀n, mo rún búrẹ́dì sí i, mo pa á dé. Ti Ẹyin, mo fi ìkúnwọ́ méjì sí i. Mo ń wẹ̀yìn wò bí olè. Olè náà ni mo jẹ́, àbí kí ni mo jẹ́?

Lọ́jọ́ kejì ní àgbàlá, mo dúró de ìgbà tí gbogbo wọn pé. Mo gbé Ẹyin sókè, mo gbọ̀n ọ́n. Wàràwàrà! Ẹyẹlé fi Makhluf sílẹ̀, wọ́n sáré wá bá mi. Ìyá Sultana pariwo, "Yéè! Hanania ti gbéyàwó!" Zohra fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìwúrí ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo mú ìkejì, mo mú ìkẹta. Mo ń gbọ̀n, àyà mi ń wú.

Makhluf nìkan ló lóṣòó. Ó he èérún kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo etí ewé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé o," ló wí, ó sì kó tirẹ̀ wọlé láìdúró mu kọfí.

Háà, inú mi dùn! Mo ní, ó ń jowú. Mo ní, Makhluf, ìwọ náà tọ́ ọ wò lónìí kí o mọ bó ṣe ń ta. Ọjọ́ yẹn ni mo jẹun dáadáa jù láti ọdún mọ́kànlá.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún. Àkọ́bí mẹ́tàlélógún, ẹnikẹ́ni kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Àkàrà òyìnbó àti ọtí wà lórí tábìlì, a sì gbọ́dọ̀ tètè jẹ wọ́n kí oòrùn tó ga, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, ìwúkàrà ti di èèwọ̀. Zohra àti Perla wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ète mi ni pé màá ka ìlà mẹ́ta ìparí ketekete, ó parí. Ta ló máa yẹ̀ mí wò?

Rábì Amram ní, "Ẹ jẹ́ ká dákẹ́. Tí Bàbá Hanania bá parí ìwé yìí, a lè jẹun. Tí kò bá sí ìparí ìwé, àwẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wa, ẹni tó bá sì jẹun ti dẹ́ṣẹ̀. Ọrùn bàbá ni gbogbo wa wà."

Ẹ gbọ́ o, mi ò ronú kan ibẹ̀ rí. Mo gbé Ẹyin sórí tábìlì, mo wá ojú ìwé tó kẹ́yìn, mo fà á.

Ká.

Wúrà etí ewé ti lẹ̀ mọ́ra láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Mo fa ìkejì. Ká-ká. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ìwé tuntun rí nílùú yìí mọ ìró yẹn. Ìró ìwé tí ojú ò tíì kàn rí ni. Mo tún fà á, bíi pé tí mo bá fà á díẹ̀díẹ̀ kò ní dún. Ká! Ó dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Haim alápatà, àkọ́bí ìyá rẹ̀, tí ebi ń pa, ló kọ́kọ́ lanu. "Bàbá, ṣé ìwé lẹ fẹ́ kà ni, àbí ilẹ̀kùn lẹ̀ ń já?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Mo gbọ́ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo mọ ẹni tó ni èémí náà.

Nígbà náà ni Makhluf dìde láti ẹ̀yìn. Ó mú ìwé kan dání, èyí tí ó fi okùn àwọ̀n rán. Ó gbé e sórí tèmi. Ẹyin ni. "Rábì," ló wí, "àwa méjèèjì la jọ ń kà á. Ti ẹ̀gbọ́n ṣì tuntun, ewé rẹ̀ le. Ìlà mẹ́rin ló kù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ka tèmi."

Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó là gbalaja níwájú mi. Kí n kàn la ẹnu kà ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ mí. Makhluf tún fẹ́ daṣọ bò mí? Kí n tún na ọwọ́, kí n tún ní, "O ṣé o, Makhluf"? Ó yá mi lára kí n bọ́ra sílẹ̀ ju kí n wọ aṣọ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Irọ́ ni," mo pariwo. "Mi ò kà á! Àárín rẹ̀ nìkan ni mo ṣí, kí n lè rún búrẹ́dì sí i!"

Ẹ ò rí i pé ìlara náà ló mú kí n purọ́, òun náà ló tún mú kí n jẹ́wọ́.

Rábì Amram kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Makhluf, ẹ máa kà á." Makhluf fi ìka tó ti gbó nínú omi tẹ̀lé ìlà mẹ́rin náà, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń kà. Ó parí, ó ṣèlérí fún ìwé náà bí àṣà wa pé a ó tún padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn àkọ́bí hó yè, wọ́n sì bo tábìlì.

Mo jókòó sí kọ̀rọ̀. Makhluf gbé àkàrà wá bá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wú. "Ẹ jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwẹ̀ ti kúrò lọ́rùn yín."

"Makhluf, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Ọjọ́ tí a gbọn ìwé. Èyí tí mo ń kà tẹ́lẹ̀ gùn, kò lè tán mọ́."

"Kí ló dé tí o fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Èérún yẹn ni, ẹ̀gbọ́n. Àárín ìwé nìkan ló ti ń bọ́. Ẹni tó ń kàwé, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni èérún tirẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀." Ó rọra fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Mo ní kó má lọ ṣẹlẹ̀ pé ẹ ò ní parí. Ẹ pọ̀, ẹ̀yin àkọ́bí."

Ó ti mọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀, kò sọ fún ẹnì kan. Ogójì ewé ló kà ní ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú iṣẹ́ ẹja, pẹ̀lú ìmúra àjọ̀dún, nítorí kí ojú má bàa tì mí. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, mo ti purọ́ tó: ọpẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ wọ inú mi. Ogójì ewé ní ọjọ́ mẹ́rin! Èmi tí mo ní ọ̀sẹ̀ méjì, oorun ni mo sùn. Ìlara yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi tí mo jókòó sí. Mo jẹ àkàrà náà pẹ̀lú ìlara náà.

Nígbà tí a délé, Zohra kò sọ ohunkóhun nípa irọ́ mi. Èérún ló fi bẹ̀rẹ̀. "Inú yàrá tí mo ti fọ̀, Hanania! Inú yàrá tí mo ti fọ̀!" Ó tún kó ìgbálẹ̀ àti omi, ó lọ fọ gbogbo ibẹ̀ lákọ̀tun, ó ń fi ìbínú gbá ẹsẹ̀ àga. Mo dúró títí ó fi ṣe tán. Mo wọlé, mo mú Ẹyin, mo jókòó láìmú oúnjẹ kankan dání. Mo fa ewé àkọ́kọ́.

"Kí ló ń dún níbẹ̀ yẹn?" Zohra béèrè láti ilé ìdáná.

"Ojú ìwé kìíní ni."

Mo gbọ́ tó gbé ìkòkò kalẹ̀. "Èkejì ńkọ́?"

Mo fà á. Ká.